Ẹ̀rọ ló fìdí rẹmi, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n nà!

Ẹkún àgbàlagbà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pe èèyàn wá wò. Àmọ́ lọ́jọ́ 14, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, gbogbo Nàìjíríà ló rí i lórí tẹlifíṣàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọmọ Ẹ̀gbá tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ JAMB nígbà náà, dúró níwájú àwọn oníròyìn l'Abùjá, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ há, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Kò séèyàn tó kú nílé bàbá, kò sì sẹ́ni tó jà á lólè. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí àjọ náà fi ń ṣe ìdánwò ló ba ìdánwò jẹ́ mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ 379,997 lọ̀rọ̀ kàn. Nínú ibùdó ìdánwò 887 tó wà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, 157 ló kó sínú wàhálà náà. Ọmọ 206,610 ṣe tiwọn l'Ékòó, àwọn 173,387 tó kù ṣe tiwọn ní ìpínlẹ̀ Ìgbò márààrún. Oloyede ní òun ni ọ̀gá, ọrùn òun ni kí ẹ̀bi náà wà, ó sì bẹ àwọn ọmọ àti òbí wọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe.

Ohun tó dáa ni kéèyàn gbà pé òun ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ o!

Nígbà tí èsì náà kọ́kọ́ jáde, ọmọ 1,955,069 ni wọ́n máàkì tiwọn. Ó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ nínú wọn tí máàkì wọn ò tó 200 nínú 400. Kí ni wọ́n sọ? Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, ní bí àwọn ọmọ ṣe fìdí rẹmi yẹn fi hàn pé ìjọba ti ń ṣẹ́gun àwọn tó ń jí ìwé wò. Àwọn mìíràn ní àwọn ọmọ ìwòyí ò kàwé mọ́, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹnì kan ò kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ léèrè. Ọmọ ni gbogbo ayé ń bi.

Agboolé wo ló wà láti Màpó títí dé Bẹyẹrúnkà tí wọn ò ti ní ọmọ tí wọ́n rán lọ bá ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí l'Ékòó? Ìyá wà l'Ọ́jà'ba tó ń jí lọ sọ́jà ní ìdájí, tó ń ti ibẹ̀ fowó ìdánwò ránṣẹ́, tó ń fowó lẹ́sìnnì ránṣẹ́, tó ń dá àjọ dè yunifásítì. Bí wọ́n bá wá pè é pé ọmọ rẹ̀ gba 146, ẹ ò ní í bá a wí bó bá fìbínú sọ̀rọ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé torí ìyà yìí ni mo ṣe ń ru ẹrù kiri?" Ọmọ á ní, "Mọ̀ọ́mì, mo mọ ohun tí mo kọ o." Ta ló máa gbà á gbọ́? Kọ̀ǹpútà ti sọ̀rọ̀, àríyànjiyàn ti tán. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ ẹgba àti èébú lọ́sẹ̀ náà lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn ò ṣẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ gan-an? Àyípadà mẹ́ta ni JAMB ṣe sí ètò tó ń darí ìdánwò náà lọ́dún 2025. Wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò máàkì padà. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà máa po ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀ bí ẹni po káàdì, kí A tọmọ kan lè jẹ́ D tọmọ kejì, kí wọ́n má baà wo tara wọn. Wọ́n tún ṣe àwọn àtúnṣe kan kí ẹ̀rọ má baà máa falẹ̀. Gbogbo àyípadà yìí gbọ́dọ̀ dé orí àwọn kọ̀ǹpútà àgbà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní sáfà. Ó dé orí àwọn tó wà fún apá Kàdúná. Àwọn tó wà fún Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò, iléeṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ò gbé àyípadà náà débẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó rí i títí èsì fi jáde, tí ariwo fi ta, tí àwọn kan fi ń sọ pé ilé ẹjọ́ ló kù.

Ẹ jẹ́ ká fi wé èlùbọ́. Ká ní àwọn ìyá ọlọ́jà l'Ọ́jà'ba fẹnu kò pé bó bá di ọ̀la, kọ́ńgò tuntun ni gbogbo ìsọ̀ yóò máa lò. Gbogbo wọn gba tuntun, àfi ìsọ̀ kan tí wọ́n gbàgbé láti gbé tiẹ̀ fún. Èlùbọ́ kan náà ni, owó kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí oníbàárà máa gbé délé ò ní í dọ́gba. Oníbàárà á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ìyá ọlọ́jà á búra pé òun wọ̀n ọ́n pé. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì, kọ́ńgò ló yàtọ̀.

Ẹni tó bá mọ ọjà á ná, kì í fojú lásán wo kọ́ńgò. Á gbé e, á dà á délẹ̀, á tẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti gbá a wọnú. Iṣẹ́ yẹn gan-an làwọn kan ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà. Bí ẹnì kan bá kọ ètò tán, àwọn mìíràn á yẹ ìdí rẹ̀ wò kó tó dọ́jà. Iṣẹ́ ńlá ni, owó ńlá ló sì ń gbà. Nítorí náà, ó ti lé lógójì ọdún táwọn ọ̀mọ̀wé lágbàáyé ti ń wá bí wọn yóò ṣe kọ́ ẹ̀rọ láti máa dán ẹ̀rọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wò, kó sì máa tún èyí tó bà jẹ́ ṣe fúnra rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé táwọn èèyàn ò kàn jókòó kí wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí Ifá dáhùn. Ẹni tó bá ti jókòó ti babaláwo rí mọ̀ pé ojú 8 ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, 4 lápá ọ̀tún, 4 lápá òsì. Ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú délẹ̀. Ojú 8 péré yẹn ló bí odù 256. Lọ́dún 1983, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Longe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá ní Yunifásítì Ìbàdàn níhìn-ín, lórí Ifá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí Ifá ṣe ń fi ẹyọ kan àti ẹyọ méjì sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń fi òdo àti ení sọ tiẹ̀.

Ẹ wá fi ojú 8 mìíràn kún ti àkọ́kọ́, kó di 16. Ohun tó lè jáde ti di 65,536. Ẹ sọ ọ́ di 32, ó ti lé ní bílíọ̀nù 4. Bí èèyàn bá ń yẹ ẹyọ kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí kò jẹun, tí kò sùn, ọdún 136 ló máa fi ṣe é! Ìdánwò JAMB wá ní ìbéèrè 180, ìdáhùn mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ọ̀nà tí ọmọ lè gbà dáhùn rẹ̀, ẹ kọ 2 sílẹ̀, kí ẹ wá to òdo 108 tẹ̀ lé e. Kò sí agboolé tó lè ka ìyẹn tán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀mọ̀wé ará Netherlands kan, Edsger Dijkstra, fi ń kìlọ̀ láti nǹkan bí ọdún 1969 pé àyẹ̀wò lè jẹ́ ká rí àṣìṣe tó wà níbẹ̀, àmọ́ kò lè fi dá wa lójú pé àṣìṣe kankan ò sí.

Síbẹ̀, wọn ò káwọ́ gbera. Lọ́dún 1988, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Wisconsin l'Ámẹ́ríkà, Barton Miller, wà nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ti orí wáyà tẹlifóònù lo kọ̀ǹpútà iléèwé rẹ̀. Òjò ń rọ̀, ààrá ń sán. Ààrá náà ń da wáyà láàmú, lẹ́tà játijàti wá ń wọ inú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò ń dákú nítorí lẹ́tà játijàti yẹn. Ló bá ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun lọ ṣe ẹ̀rọ tí á máa mọ̀ọ́mọ̀ rọ́ ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sí ètò lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n gbé àbọ̀ wọn jáde lọ́dún 1990, ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ètò tí wọ́n yẹ̀ wò tó dákú. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ kékeré máa ń gba fóònù lọ́wọ́ yín tẹ̀ gbàgà-gbàgà títí tí á fi gan, ọgbọ́n tí ọmọ yín ń ta nìyẹn o. Títí dòní làwọn iléeṣẹ́ ńlá ṣì ń lò ó láti wá ihò táwọn olè lè gbà wọlé.

Ọgbọ́n mìíràn wà tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Richard DeMillo, Richard Lipton àti Frederick Sayward gbé e jáde lọ́dún 1978. Wọ́n ní bí a bá ní ẹni tó ń yẹ ètò wò, báwo la ṣe mọ̀ pé ó mọṣẹ́? Ká mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kéékèèké sínú ètò náà, ká wò ó bóyá á rí i. Kí lèyí yàtọ̀ sí tàwọn ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù ní Bẹẹrẹ, tí wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ju owó sílẹ̀ kí wọ́n lè fi dán ọmọọṣẹ́ tuntun wò? Bí ọmọ bá mú owó wá, wọ́n á fọkàn tán an. Bí owó bá wọgbó, wọ́n á mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ níwájú.

Ibi tí wàhálà wà gan-an la dé yìí. Ẹ̀rọ lè dán ètò wò nígbà mílíọ̀nù kan lálẹ́ ọjọ́ kan, àmọ́ ta ló máa sọ fún un pé ìdáhùn tó jáde ló tọ̀nà? Lọ́dún 1978 kan náà, ọ̀mọ̀wé William Howden fún ohun tó ń ṣe ìdájọ́ yẹn lórúkọ. Orúkọ tí òyìnbó ń pe awo tí wọ́n ń lọ bi léèrè ọ̀rọ̀ ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń forí rọ́ ìṣòro awo yìí títí dòní, torí bí awo bá ṣìnà, gbogbo ẹni tó wá dífá ló máa ṣìnà.

Ẹ ò gbàgbọ́? Ẹ wo WAEC. Lọ́jọ́ 4, oṣù kẹjọ, ọdún 2025 kan náà, wọ́n gbé èsì jáde, wọ́n ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ariwo tún ta. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ọ̀nà tí wọ́n fi ń wo èsì pa. Wọ́n ní àwọn ti pín ìwé ìbéèrè àwọn iṣẹ́ kan sí oríṣiríṣi kí jíjí ìwé wò lè dínkù, àmọ́ àmì tó lòdì ni wọ́n lò fún ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń mú ìdáhùn nínú rẹ̀, ìdáhùn ẹlòmíì ni wọ́n wá fi ń máàkì ìwé ọmọ. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ìdá 38.32 di 62.96. Àwọn ọmọ tó lé ní 485,000 ni wọ́n ti sọ di òpè fún ọjọ́ mẹ́rin! Ẹ̀rọ tó máàkì ìwé wọn ò bà jẹ́ o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ṣe. Awo tí wọ́n fún un ló ṣìnà.

Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Horizon wọlé lọ́dún 1999. Iléeṣẹ́ Fujitsu ló ṣe é. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó ò pé lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka iléeṣẹ́ náà. Àwọn èèyàn ń pariwo pé àwọn ò jí kọ́bọ̀, ilé ẹjọ́ ní kọ̀ǹpútà ò lè purọ́. Láàárín 1999 sí 2015, èèyàn tó lé ní 900 ni wọ́n dá lẹ́bi. Àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n, àwọn kan ta ilé, àwọn kan gbẹ̀mí ara wọn. Ọdún 2024 ni ìjọba wọn tó ṣòfin tó wẹ̀ wọ́n mọ́. Ẹni tó ti kú ńkọ́?

Kò yẹ káwọn tó ń ná ọjà Bẹẹrẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà o. Ní ìparí ọdún 2024, nígbà táwọn báǹkì ńlá mélòó kan ń pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà wọn, ṣebí gbogbo wa la mọ ohun tójú rí. Owó kúrò ní àkáǹtì oníbàárà, kò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà. Ọlọ́jà ò jẹ́ kó gbé ọjà lọ, oníbàárà ní òun ti sanwó. Àwọn ẹni ẹlẹ́ni tó ti mọra láti ọdún pípẹ́ ń pe ara wọn lólè nítorí ìdí kọ́ńgò tí ẹnì kan ò yẹ̀ wò.

Ṣé kí ẹ̀rọ wá máa tún ara rẹ̀ ṣe ni? Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Lọ́dún 2009, Westley Weimer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà gbé ètò kan jáde tó ń wá àtúnṣe fún ètò tó bà jẹ́, tí á máa pààrọ̀ ibí, tí á máa gé ọ̀hún, títí tí àyẹ̀wò á fi yọrí. Ayé pàtẹ́wọ́. Nígbà tó di 2015, àwọn ọ̀mọ̀wé MIT yẹ àwọn àtúnṣe náà wò fínnífínní. Kí ni wọ́n rí? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ju pé ẹ̀rọ gé ibi tó ń dá wàhálà sílẹ̀ dànù pẹ̀lú iṣẹ́ tí ibẹ̀ ń ṣe. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Facebook náà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 2018, àmọ́ ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé bí ẹ̀rọ bá tún un ṣe tán, èèyàn ló gbọ́dọ̀ wò ó kó tó jáde.

Ní báyìí, àwọn ẹ̀rọ tuntun tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn ti dé, àwọn náà ń kọ ètò. Ní 2023, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Princeton kó ìṣòro gidi 2,294 jọ fún wọn. Ẹ̀rọ tó mókè jù nígbà náà ò yanjú tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó fi máa di 2025, lórí 500 tí wọ́n ṣà nínú ìṣòro náà, àwọn tó mókè ti ń yanjú ju 70 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyára yẹn ga! Àmọ́ ẹ fura o. Bí ẹ̀rọ kan náà bá kọ ètò tán, tó tún jókòó dán ètò náà wò fúnra rẹ̀, ṣé kì í ṣe ọmọ tó ń máàkì ìwé ara rẹ̀ nìyẹn?

Kì í ṣe pé ká kórìíra kọ̀ǹpútà. Ìwé tí ọwọ́ èèyàn máàkì náà ní àṣìṣe tiẹ̀, owó ẹ̀yìn sì wà níbẹ̀. Ohun tó yẹ ká máa béèrè ni pé, àjọ yòówù tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe ìdájọ́ ọmọ ẹni tàbí owó ẹni, ta ló yẹ ìdí kọ́ńgò wọn wò? Ìgbà wo ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé ó yẹ ti Èkó wò bó ṣe yẹ ti Kàdúná? Bí èsì ọdún kan bá ṣàdédé yàtọ̀ sí ti gbogbo ọdún tó kọjá, kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó bú ọmọ. Kí ẹni tọ́rọ̀ dùn náà sì ní ibi tó lè gbé ẹjọ́ lọ kí wọ́n tó lé e jáde.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ tẹ́ ẹ mọ̀ tó ń kàwé bá ní "Mo mọ ohun tí mo kọ o," ẹ fi pàṣán sílẹ̀ ná. Ẹ tẹ́tí sí i. Ẹ ní kó kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́, kó sì tọ́jú nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀. Ariwo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí JAMB lọ tú ẹ̀rọ wọn wò. Ká ní gbogbo wọn gba ẹgba tán tí wọ́n dákẹ́ ni, ọmọ 379,997 ì bá ṣì máa jẹ́ òpè títí dòní.